Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ṣóòkì Oníná

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, tí òtútù òwúrọ̀ sì mú láti Ọ̀wọ̀ dé Upẹnmẹn, láti Ifọ́n dé Ìdóàní, ìṣòro kan náà ni ó máa ń bá ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ àti ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rọ kò fẹ́ jí. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ó kùn, ó dákẹ́. Wọ́n fa okùn, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí arúgbó, ó dákẹ́. Ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò ti irin kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà sí apá kan, yóò tún okùn fà, ẹ̀rọ yóò sì dáhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, yóò dá irin náà padà sí ipò rẹ̀. Ṣóòkì ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é, ọmọdé tí ó bá ti ń bá bàbá rẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀ sì mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ní kabúrétọ̀, ṣóòkì kan wà tí ọwọ́ awakọ̀ kì í kàn. Iná bátìrì ni ó ń ṣí i. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Díẹ̀ ni ohun èlò ọkọ̀ tí àìmọ̀ ti fi ìyà jẹ tó o. Bí ọkọ̀ bá ń mu epo jù, òun ni a ó dá lẹ́bi. Bí èéfín dúdú bá ń jáde, a ó ní kí wọ́n já wáyà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá tètè jí, a ó ní kí wọ́n tú u dànù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti sọ fún wa tipẹ́tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí á tó lè mọ bí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ yìí mu tó, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí a gbé lé ṣóòkì lọ́wọ́.

EPO, AFẸ́FẸ́ ÀTI ÒTÚTÙ

Epo bẹntiróòlù kì í jó nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ olómi. Oru rẹ̀ ni ó ń jó. Kabúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ. Àpòpọ̀ yìí sì ní òṣùwọ̀n. Bí epo bá jẹ́ kìlógíráàmù 1, afẹ́fẹ́ tí yóò jó o tán láìkù síbì kan jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 14.7. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná plọ́ọ̀gì kò ní rí ohun tí yóò ràn mọ́. Bí epo bá pọ̀ jù, plọ́ọ̀gì yóò tutù, yóò dúdú, èéfín yóò sì máa tú lẹ́yìn ọkọ̀.

Òtútù ni ó máa ń da òṣùwọ̀n náà rú. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìdáná rí ni ó mọ̀ pé epo pupa tí ó ń ṣàn geere ní ọ̀sán a máa dì nínú ìgò ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Epo bẹntiróòlù kì í dì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù a máa mú un lọ́ra láti di oru. Nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì bá sì tutù, apá kan nínú epo tí kabúrétọ̀ fi ránṣẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ irin tútù lójú ọ̀nà, kò ní dé ibi tí a rán an. Kabúrétọ̀ wọn epo bí ó ti yẹ, síbẹ̀ oru tí ó dé ọ̀dọ̀ plọ́ọ̀gì kò tó. Ọgbọ́n tí ó kù ni pé kí á fi epo kún epo, títí oru tí ó bá jáde nínú rẹ̀ yóò fi tó ohun tí iná lè mú.

Iṣẹ́ ṣóòkì nìyẹn. Ní ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ kabúrétọ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà tí ó ń yí lórí ọ̀pá tín-ín-rín bí ìlẹ̀kùn. Bí ìlẹ̀kùn yìí bá sé, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni yóò ráyè wọlé. Ẹ́ńjìnnì kò sì ní tìtorí èyí ṣíwọ́ fífà. Bí ó ti ń fà tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, agbára ìfà náà yóò bọ́ sórí ihò epo, epo yóò sì tú jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ni a tì. Epo ni ó pọ̀ sí i.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá a, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé kí á fún ènìyàn lọ́rùn kí èémí rẹ̀ má lè já gaara. Àwọn kan lè fẹ́ kí á wá orúkọ Yorùbá mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti wọ ibùdó mẹkáníìkì, tí ó ti gba àmì ohùn, tí ọ̀gá fi ń pàṣẹ tí ọmọ iṣẹ́ sì fi ń dáhùn, ti di ọmọ ilé. Gẹ́gẹ́ bí ilé ti ń jẹ́ ulé lẹ́nu ará Ọ̀wọ̀ láìsọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àyálò lè pa ohùn dà kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Orúkọ kọ́ ni ó wọ́n wa, àlàyé ni.

ṢÓÒKÌ ỌLỌ́WỌ́ ÀTI ṢÓÒKÌ ONÍNÁ

Ṣóòkì tí a ń fi ọwọ́ fà ni ó kọ́kọ́ gbilẹ̀. Okùn irin kan ni ó so ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ mọ́ kókó kan nítòsí ọwọ́ awakọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Peugeot 504, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, ni ó ní irú kókó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ a fà á ní òwúrọ̀, a sì tì í padà nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì bá yá. Kò ṣòro, kò sì ní wáyà tí ó lè já. Àléébù kan ṣoṣo tí ó ní kì í ṣe ti irin, ti ènìyàn ni: ìgbàgbé. Awakọ̀ tí ó fa ṣóòkì ní Ọ̀wọ̀ tí kò rántí rẹ̀ títí ó fi dé Ifọ́n ti da owó sójú ọ̀nà. Owó nìkan kọ́. Epo tí kò jó a máa ṣàn lára ògiri sílíńdà, a máa fọ ọ́ìlì tí ó ń dáàbò bo písítìnì kúrò, a sì máa ro sínú ọ́ìlì tí ó wà nísàlẹ̀ títí ọ́ìlì náà yóò fi ṣàn bí omi. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í kú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ ara rẹ̀.

Nítorí ìgbàgbé ọmọ ènìyàn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi wá ṣóòkì tí yóò máa ṣí fúnra rẹ̀. Òmíràn ń gba ooru láti ibi tí èéfín ń gbà jáde, òmíràn láti inú omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára, òmíràn láti inú iná bátìrì. Volkswagen Beetle, tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Ìjàpá, ni ó sọ ti oníná di ohun tí ó wọ́pọ̀ lójú àwọn mẹkáníìkì. Ìdí sì wà fún un. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò ní omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára. Kò sí omi gbígbóná tí ìbá sọ fún ṣóòkì pé ara ti yá. Iná ni a fi rọ́pò omi.

Láti nǹkan bí ọdún 1961 ni àwọn Ìjàpá tí wọ́n ṣe ní Jámánì ti ń jáde pẹ̀lú ṣóòkì oníná. Ní ọdún 1975 tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria náà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Ìjàpá ni ṣóòkì rẹ̀ jẹ́ oníná; àwọn tí wọ́n ṣe ní Brazil lo ti ọlọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́, kí ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó wo ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀. Bí ó bá rí ohun róbótó kan bí ìdérí agolo kékeré, tí wáyà kan sì wọ inú rẹ̀, oníná ni.

IRIN MÉJÌ TÍ KÌ Í GÙN BÁKAN NÁÀ

Inú ohun róbótó yìí ni àṣírí wà. Sípíríǹgì kan wà níbẹ̀ tí a ká bí ìkarahun ìgbín. Bí a bá wò ó fínnífínní, kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Méjì ni, tí a lẹ̀ pọ̀ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Gbogbo irin ni ó ń gùn sí i bí ó bá gbóná, ṣùgbọ́n wọn kì í gùn bákan náà. Ẹ jẹ́ kí á fi idẹ àti irin lásán ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pá idẹ tí ó gùn ní mítà 1, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i, yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 1.9 gùn sí i. Ọ̀pá irin tí ó gùn bákan náà kò ní ju nǹkan bíi mìlímítà 1.2 lọ.

Bí a bá wá lẹ irú irin méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ tí wọn kò lè yà, èyí tí ó ń gùn jù yóò fẹ́ máa lọ, èkejì yóò fẹ́ dá a dúró. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí èyí tí ó lè fi èkejì sílẹ̀, àwọn méjèèjì yóò tẹ̀. Bí a bá sì ti ká wọn tẹ́lẹ̀, títẹ̀ yìí yóò di yíyí: orí sípíríǹgì náà yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ aago. Ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ni a so mọ́ orí yìí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíríǹgì náà ni wáyà amúgbóná kan wà, irú èyí tí ó ń mú áyọ́ọ̀nù oníná gbóná. Nígbà tí awakọ̀ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná fólítì 12 yóò wọ inú wáyà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, sípíríǹgì ṣì tutù, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́lẹ̀ gbọin. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbóná, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yí, díẹ̀díẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ń ṣí. Láàrin ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún, ìlẹ̀kùn yóò ti ṣí tán, yóò sì wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń wọ wáyà náà.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí á fi ọkàn sí gidigidi. Iná ni ó ń ṣí ṣóòkì. Iná kọ́ ni ó ń tì í. Bí kò bá sí iná rárá, títì ni ṣóòkì yóò wà.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì ni ó tún bá sípíríǹgì yìí ṣiṣẹ́. Èkíní ni irin kékeré kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tútù máa yára díẹ̀ ju ti ìgbà gbogbo lọ kí ó má baà kú. Bí ṣóòkì bá ṣe ń ṣí ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà. Nítorí rẹ̀ ni ó fi yẹ kí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù lẹ́ẹ̀kan dé ìsàlẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀, kí ó tó yí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀. Títẹ̀ yẹn ni ó ń fún ṣóòkì láyè láti sé. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ó ń ráhùn pé ṣóòkì òun kò ṣiṣẹ́ ni ó jẹ́ pé kò fún un láyè láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olùrànlọ́wọ́ kejì ni awọ pẹlẹbẹ kan tí ìfà ẹ́ńjìnnì máa ń fà. Gbàrà tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, awọ yìí yóò ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀ kí epo má baà bo plọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀.

OHUN TÍ ṢÓÒKÌ ONÍNÁ KÒ MỌ̀

Bí iṣẹ́ yìí ti dára tó, kò yẹ kí á rò pé ṣóòkì oníná gbọ́n ju bí ó ti gbọ́n lọ. Kò mọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Àkókò tí iná ti fi wọ inú rẹ̀ ni ó ń kà ní pàtàkì. Bí awakọ̀ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ láìtíì jí ẹ́ńjìnnì, ṣóòkì yóò ti máa ṣí lọ. Nígbà tí ó bá wá fẹ́ jí i, ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ṣùgbọ́n ṣóòkì ti rò pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ìdàkejì rẹ̀ náà a máa ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ti rìn jìnnà dúró níbi kan fún ìgbà díẹ̀. Sípíríǹgì kékeré tètè tutù. Ẹ́ńjìnnì ńlá kò tètè tutù. Ṣóòkì tún ti sé mọ́ ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ṣì gbóná. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, òórùn epo ni yóò gbà á nímú, ẹ̀rọ kò sì ní jí. Kí ó má ṣe máa tẹ tọ́tù léraléra. Ńṣe ni ìyẹn ń da epo kún epo. Kí ó tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì yí kọ́kọ́rọ́, kí afẹ́fẹ́ lè gbá epo tí ó pọ̀ jù jáde.

WÁYÀ TÍ A JÁ

Ibi tí òwe àwọn àgbà ti bá wa nìyí. Ọkọ̀ ń tú èéfín dúdú. A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ó ní ṣóòkì ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó wá fa wáyà ṣóòkì yọ, ó ní a ti bọ́. Ẹni tí ó ti gbọ́ àlàyé òkè yìí mọ̀ pé ohun tí ó ṣe gan-an ni pé ó gba ohun kan ṣoṣo tí ó ń ṣí ìlẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ṣóòkì yóò máa sé fún àkókò gígùn, nítorí pé ooru tí ó bá ṣèèṣì ta sí i láti ara ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó kù tí ó lè ṣí i. Èéfín yóò pọ̀ sí i. Epo yóò tètè tán. Àìsàn tí a fẹ́ wò ni a fún ní oúnjẹ.

Ẹlòmíràn kò ní já wáyà, ṣùgbọ́n yóò so ó síbi tí kò yẹ. Bí ó bá so ó mọ́ orí bátìrì tààrà, iná yóò máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru: ní òwúrọ̀, bátìrì ti kú, ṣóòkì sì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí ó yẹ kí ó sé. Bí ó bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì tí kò tọ́, iná plọ́ọ̀gì ni yóò jìyà. Lára Volkswagen, ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì tí a kọ 15 sí, tí ó ń gba iná láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́, ni wáyà ṣóòkì ń so mọ́. Kì í ṣe èyí tí a kọ 1 sí.

Ìwòsàn rẹ̀ kò gba ju sùúrù lọ. Kí á yọ wáyà náà lẹ́nu ṣóòkì, kí á ṣí kọ́kọ́rọ́, kí á fi gílóòbù fólítì 12 kan dán an wò láàrin ẹnu wáyà àti ara ẹ́ńjìnnì. Bí gílóòbù kò bá tàn, wáyà ni ó ní àrùn, kì í ṣe ṣóòkì. Bí ó bá tàn, kí á dá wáyà padà, kí á jí ẹ́ńjìnnì, kí á sì fi ọwọ́ kan ìdérí ṣóòkì lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ìdérí náà kò bá gbóná, wáyà inú rẹ̀ ti jó; kí á pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá gbóná tí ìlẹ̀kùn kò sì ṣí, ó ṣeé ṣe kí eruku ọyẹ́ àti ọ̀rá epo ti di ọ̀pá rẹ̀ mú. Kí á fọ̀ ọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára tí epo ṣì ń pọ̀ jù, àmì kan wà lára ìdérí, àwọn àmì mìíràn sì wà lára kabúrétọ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣó oníyìí mẹ́ta ni ó di ìdérí náà mú. Kí á tú wọn díẹ̀, kí á yí àmì ìdérí kí ó kọjú sí àmì àárín, kí á sì dì wọ́n padà.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ Ó LÈ JÁDE

Ẹnì kan lè béèrè pé ilẹ̀ wa móoru. Kí ni a fẹ́ fi ṣóòkì ṣe? Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni yóò jí láìsí ṣóòkì. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì náà mọ ìyẹn fúnra rẹ̀: bí ojú ọjọ́ bá ti móoru tẹ́lẹ̀, kì í sé tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́ ṣí. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni a ń tìtorí rẹ̀ pa á mọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ayé kabúrétọ̀ ti kọjá. Òótọ́ ni pé láti àwọn ọdún 1980 sí 1990 ni ẹ̀rọ tí ó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ti ń gba ipò rẹ̀ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Síbẹ̀, ọkọ̀ tuntun náà kò tíì sá fún òtútù. Ohun èlò kan ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sì ń pàṣẹ kí epo pọ̀ sí i ní òwúrọ̀, kí ó sì dínkù bí ara bá ti ń yá. Iṣẹ́ ṣóòkì náà ni. Ọwọ́ tí ó ń ṣe é ni ó yí padà. Kabúrétọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì tíì kúrò nílé wa. Ó wà lára jẹnẹrétọ̀ tí ó ń kùn lálaalẹ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ẹni tí ó bá gbàgbé ṣóòkì ní títì ń jó owó tí kò ṣeé fi ṣeré.

Ewu kan sì wà tí ó ju ti owó lọ. Nígbà tí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín tí ń jáde a máa ní gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì púpọ̀. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ̀rọ tí ṣóòkì rẹ̀ sé a máa tú u jáde jù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí ọkọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ nínú ilé tí a tì, yálà ṣóòkì rẹ̀ dára tàbí kò dára.

IṢẸ́ OLÙKỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ju bí ó ti kan mẹkáníìkì lọ. Ní kíláàsì ẹ̀kọ́ físíìsì, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nípa irin méjì alásopọ̀, ó ń ya àwòrán rẹ̀, ó sì ń gba máàkì lórí rẹ̀. Ní ibùdó mẹkáníìkì tí kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọmọ iṣẹ́ kan ń ju irin méjì alásopọ̀ kan náà sínú àkìtàn nítorí pé kò sẹ́ni tí ó sọ ohun tí ó ń ṣe fún un ní èdè tí ó gbọ́. Ẹni tí ó mọ ìlànà kò tíì fọwọ́ kan ṣóòkì rí. Ẹni tí ó ń fọwọ́ kan ṣóòkì lójoojúmọ́ kò gbọ́ ìlànà. Ọ̀nà kékeré ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì, a kò sì tíì la ọ̀nà náà.

Kí ló dé tí olùkọ́ kan ní Upẹnmẹn kò lè ra ògbólógbòó ṣóòkì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí ó so ó mọ́ bátìrì lójú kíláàsì, kí gbogbo ọmọ sì fi ojú ara wọn rí i bí sípíríǹgì ti ń yí? Kí ló dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Rufus Giwa Polytechnic, Ọ̀wọ̀, kò lè fi Yorùbá kọ ojú ìwé kan ṣoṣo lórí ibi tí ó yẹ kí wáyà ṣóòkì so mọ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibùdó àwọn mẹkáníìkì? Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní wọ́n ju bébà rẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì tí yóò gbà là kò sì ní ṣe é kà.

Ẹ̀rọ kì í purọ́. Bí ó bá ń tú èéfín, ó ní ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ni ó ń mú àáké wá. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò wá wáyà tí ó já, yóò sì so ó padà.